Nípa Ajá Ọdẹ àti Ihò Òkété

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ti agbègbè Òṣogbo, ọ̀gìnnìtìn ti dé. Àsìkò yìí ni koríko gbẹ, tí àwọn ọmọkùnrin wa sì ń gbé ọkọ́ kọ́ èjìká lọ sí ìdí ọ̀pẹ láti wá òkété. Ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ kan ajá tí ń tẹ̀ lé wọn, nítorí mo rí i pé a ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ ara wa ba ohun rere kan jẹ́.

Gbogbo wa ni a mọ ajá ilẹ̀ wa. Irun rẹ̀ kúrú, etí rẹ̀ nà ṣánṣán, àyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í gbó lásán. Ó jọ ajá Kóńgò tí àwọn òyìnbó ń pè ní Basenji, èyí tí wọ́n kó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí ọdún 1936, tí ó sì di ajá olówó iyebíye lọ́dọ̀ wọn. Gíga Basenji kò ju bí sẹ̀ǹtímítà 43 lọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ bí kílò 11. Irú ohun tí àwọn ará òkèèrè ń fi owó ńlá rà, òun ni àwa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìsinsìnyí, ẹni tí ó ní abo ajá kékeré a máa wá akọ German Shepherd kiri, tí gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60 sí 65, tí ó sì wọn kílò 30 sí 40, kí ọmọ tí abo náà yóò bí lè tóbi. Bí o bá bi í léèrè ohun tí títóbi náà wà fún, yóò ní kí àwọn ènìyàn lè bẹ̀rù rẹ̀ ni. Bí ó bá ṣe pé ẹnu ọ̀nà ilé ni ajá náà yóò máa ṣọ́, n kò ní í bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n òkété kì í bẹ̀rù ajá tí kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Òkété a máa wọn kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òru ni ó ń jẹ̀, a sì máa kó èkùrọ́ àti ẹ̀gẹ́ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni di ẹrù, a ó gbé e wọ inú ihò lọ. Ihò rẹ̀ kì í sáàbà ní ẹnu kan ṣoṣo. Ọdẹ tí kò ní ajá lè gbẹ́ ilẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, kí ẹran sì ti gba ẹ̀yìn lọ. Nígbà tí ó bá sú u, yóò kó ewé gbígbẹ jọ, yóò ṣáná sí i, yóò sì máa fẹ́ èéfín sínú ihò. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ní ọdún 1983, nígbà tí ọ̀dá mú gidigidi, iná ìgbẹ́ jó oko kòkó lọ bẹẹrẹ ní ilẹ̀ Gánà. Ẹni tí iná bá jó kòkó rẹ̀ yóò tún gbìn, yóò sì dúró ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó rí èso ká. Òkété wo ni ó tó èyí?

Ajá rere kì í jẹ́ kí á wá iná. Òun ni ó ń fi imú mọ ihò tí ẹran wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ẹran ti kọ̀ sílẹ̀. Yóò jókòó ti ẹnu ihò náà bí òṣómàáló tí ó lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè, kò sì ní í dìde. Yóò ti orí àti èjìká bọ̀ ọ́, yóò tẹ́tí sí ibi tí ẹran sá sí nísàlẹ̀, yóò wá jáde láti họ ilẹ̀ tí ó wà ní òkè ibẹ̀, kí ọkọ́ lè bá a. Ajá ńlá kò lè ti ohun tí ó ju imú lọ wọlé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ro ọ̀ràn yìí jinlẹ̀ ní ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí ń gbé inú ihò. Terrier ni wọ́n ń pe ajá tí wọ́n ń lò, orúkọ tí ó ti inú ọ̀rọ̀ Faransé fún ilẹ̀ wá. Ẹni tí ó lókìkí jù nínú àwọn tí ń sìn ín jẹ́ àlùfáà ìjọ, John Russell ti Swimbridge ní Devon, tí a bí ní 1795 tí ó sì kú ní 1883. Ní 1819, nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Oxford, ó ra abo kan tí ń jẹ́ Trump lọ́wọ́ ọkùnrin tí ń ta wàrà, láti ara rẹ̀ ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀ ìran ajá tirẹ̀. (Bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ́ràn ọdẹ tí ó ń ṣe, ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.) Àwọn tí ń sin irú ajá yìí kì í fi gíga nìkan dá a mọ̀. Wọn a fi ọwọ́ méjèèjì ká àyà rẹ̀ lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú. Bí ìka bá pàdé, a jẹ́ pé yóò wọ ihò. Nínú òfin ìsìn rẹ̀ ní òde òní, sẹ̀ǹtímítà 40 sí 43 ni wọ́n fi sí yíká àyà náà.

Àwọn ará Jámánì gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n sin Dachshund, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì gùn. Ní 2009, àwọn onímọ̀ rí ohun àjogúnbá kan ṣoṣo tí ń sọ ẹsẹ̀ ajá di kúkúrú. Ní 2017, wọ́n rí èkejì, tí ó jẹ́ pé bí ó ti ń gé ẹsẹ̀ kúrú ni ó ń ba ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mú irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ wọ oko wa, kí ó mọ̀ pé àrùn ẹ̀yìn lè bá a wọlé. Àyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí á wá, kì í ṣe ẹsẹ̀ kúkúrú, ajá ilẹ̀ wa sì ti ní in tẹ́lẹ̀.

Èmi náà ti ṣe òmùgọ̀ rí. Mo ní abo kan tí mo sọ ní Tanímọ̀la, tí ọwọ́ mi méjèèjì ká àyà rẹ̀ dáadáa. Ọ̀rẹ́ kan rọ̀ mí, mo sì gbà, mo mú un lọ sọ́dọ̀ akọ ńlá kan. Nígbà tí ó tó bí ọjọ́ 63, ó bẹ̀rẹ̀ sí rọbí ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọ méjì péré ni ó wà nínú rẹ̀, bí ọmọ bá sì ti kéré níye, ọ̀kọ̀ọ̀kan a máa tóbi. Dókítà ẹran kò sí nítòsí. Ìkínní jáde ní òkú nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Èkejì kò jáde. Orí àpò tí ìyàwó mi tẹ́ sí abẹ́ àká ni ó kú sí. Ọmọkùnrin mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, n kò sì bá a wí.

N kò lòdì sí ẹ̀jẹ̀ àjèjì pátápátá. Bí ẹnì kan bá rí akọ terrier kékeré, tí kò ju abo rẹ̀ lọ, kí ó gbìyànjú, nítorí àyà rẹ̀ kì í já, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgboyà náà a máa mú un há sínú ilẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé bí ńlá bá gun kékeré, ìran kìíní a máa wà ní agbede-méjì, bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá sì tún gun ara wọn, ìran kejì a fọ́n káàkiri, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré. Ẹni tí ó rí ọmọ rere kan nínú ìran kìíní tí ó sì rò pé òun ti dé ibi tí òun ń lọ, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Kí ó mú ọmọ náà padà lọ sọ́dọ̀ ajá ilẹ̀ wa tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀, kí ó sì yan èyí tí imú rẹ̀ mú jùlọ, kì í ṣe èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dára.

Ihò oòrẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ṣe jẹ́ kí ajá kankan wọ̀ ọ́. Ẹ̀gún ibẹ̀ ti pa ajá tí ó sàn ju tèmi lọ. Kí á sì gún ajá ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ní ọdọọdún, láti oṣù mẹ́ta lọ. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, kí á fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí á sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Òkété tí ó bá dà bí aláìsàn, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án, ẹ má sì jẹ́ kí ajá jẹ ẹ́: nínú ẹran tí a kó láti Gánà lọ sí Amẹ́ríkà ní 2003, tí òkété wà lára wọn, ni àrùn mpox ti ràn dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn níbẹ̀.

Ní alẹ́ òní, kí olúkúlùkù mú okùn kan, kí ó fi yí àyà ajá rẹ̀ ká lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, kí ó so kókó sí ibi tí ó dé. Ní ọ̀la, kí ó mú okùn náà lọ sí ẹnu ihò òkété tí ó wà ní ìdí ọ̀pẹ rẹ̀, kí ó fi wé e.