Kànga Ìgbàgbé Tó Wà ní Gbẹrẹfu

   

Mo ti ṣèlérí fún yín pé n ó sọ̀rọ̀ ìrìn àjò tí èmi àti àwọn ará ilé mi rìn lọ sí etí òkun. Ìlérí sì ni gbèsè. Ẹ jẹ́ kí n san tèmi lónìí.

Bí ọ̀pọ̀ yín ti mọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ṣùgbọ́n Samaru níbí ni a bí àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Nígbà tí a lọ ṣe Kérésì nílé, ojú tì mí. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún méjìlá, kò lè bá ìyá mi sọ̀rọ̀ bó ti yẹ. Bí ìyá mi bá bi í ní nǹkan, yóò kọ́kọ́ wo ojú mi kí n túmọ̀ rẹ̀ fún un, nígbà mìíràn yóò sì fi Háúsá dáhùn. Ní ọjọ́ kẹta ó bi mí pé, "Bàbá, ìgbà wo la ó padà sílé?" Samaru ni ó ń pè nílé. Ìyá mi gbọ́ ọ. Kò sọ nǹkan kan. Ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pinnu pé kí a tó padà sí òkè, n ó kó àwọn ọmọ yìí lọ sí Àgbádárìgì, kí wọ́n lọ rí erékùṣù Gbẹrẹfu.

A wọ mọ́tò dé Ìbàdàn, a sì wọ rélùwéè tuntun tí ó ti ń sáré láti ọdún 2021 ní Moniya, ó gbé wa dé Èbúté Mẹ́ta. Ẹ má bínú bí òṣìṣẹ́ rélùwéè bá yin rélùwéè. Ẹnu ẹni ni a fi í kọ mé jẹ̀ẹ́, iṣẹ́ ẹni ni a sì fi í jẹun. Ní Èkó pàápàá, rélùwéè mìíràn ti ń gbé èrò láti Marina dé Mile 2 láti ọdún 2023. Mile 2 ni a ti wọ mọ́tò lọ sí Àgbádárìgì. Ọ̀nà ibẹ̀ le, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ sì pọ̀, nítorí náà ẹ tètè jáde láàárọ̀.

A sùn mọ́jú ní Àgbádárìgì, a sì fi àárọ̀ wo ìlú. A rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn oníwàásù kọ́ ní ọdún 1845, èyí tí wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. A rí ibi tí igi Agia wà, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti wàásù Kírísítì ní ọdún 1842. Igi náà wó ní ọdún 1959, òkúta ìrántí ló dúró síbẹ̀ báyìí. A wọ àgbàlá Sẹ̀ríkí Fáręmí Williams Abass, tó kú ní ọdún 1919. Yàrá tóóró tóóró ni wọ́n ń há àwọn ẹrú mọ́ nínú àgbàlá náà. Sẹ̀ríkí fúnra rẹ̀, nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n tà á lẹ́rú. Nígbà tó padà dé, òun náà di ẹni tí ń ta ènìyàn. Ọmọ mi bi mí pé kí ló dé. Mo sọ fún un pé kì í ṣe òyìnbó nìkan ló jẹ̀bi ọ̀ràn yìí, ọwọ́ tiwa náà wà níbẹ̀, ẹni tí ìyà sì ti jẹ rí lè fi ìyà jẹ ẹlòmíràn. Ní ilé Mobee a rí ẹ̀wọ̀n irin tí wọ́n fi ń de ọrùn àti ẹsẹ̀ wọn. Ìyàwó mi kò lè wò ó pẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni a wọ ọkọ̀ ojú omi. Gbẹrẹfu wà láàárín ọ̀sà àti òkun: ọ̀sà ló yà á kúrò lára ìlú, òkun ńlá sì wà ní ìhà kejì rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò pẹ́ lórí omi. Bí a ti sọ̀ kalẹ̀, yanrìn àti igi àgbọn ni ohun tí a rí, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn. A kò tí ì rí òkun tí a fi ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ dé. Ẹ̀yin ará, a mọ afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ní Samaru, èyí tí ń gbẹ ètè tí ń kó eruku sí ojú. Ti òkun yàtọ̀. Ó tutù, iyọ̀ wà nínú rẹ̀, kì í sì í sinmi. Ó gba gèlè lórí ìyàwó mi, àwọn ọmọ sì ń sáré lé e kiri nínú yanrìn.

Ní ojú ọ̀nà ni kànga kan wà. Amọ̀nà wa ní kí a dúró. Ó ní níbí ni wọ́n ti máa ń fi ipá fún àwọn ẹrú ní omi mu kí wọ́n tó kó wọn wọ ọkọ̀, àti pé wọ́n ti fi oògùn sí omi náà kí ẹni tó bá mu ún lè gbàgbé ilé rẹ̀, gbàgbé orúkọ rẹ̀, kí ó má sì jà mọ́. A dúró, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà a rìn dé òpin ilẹ̀, níbi tí wọ́n ti mọ òpó gíga méjì kọjú sí òkun. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ibi Àlọ-Ìdé. Ìgbì ń ró, kò sì sí nǹkan níwájú bí kò ṣe omi.

Níbẹ̀ ni ọmọ mi ti bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹnì kankan padà wá nínú wọn?"

Mo dúpẹ́ pé mo ní èsì. Mo sọ ọ̀rọ̀ Àjàyí fún un. Ọmọ Òṣogùn ni, kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Ní ọdún 1821, nígbà tó tó bí ọmọ ọdún méjìlá, ogun kó òun àti ìyá rẹ̀. Wọ́n yà wọ́n nípa, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, wọ́n sì kó o sínú ọkọ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1822. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Sàró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Samuel Crowther nígbà ìrìbọmi, ṣùgbọ́n kò ju Àjàyí nù. Ní ọdún 1843 ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 1845, òun àti àwọn oníwàásù Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ó sì gbé ibẹ̀ ju ọdún kan lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ sí Abẹ́òkúta. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ó rí ìyá rẹ̀, Àfàlá, lẹ́yìn ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò kọ́kọ́ lè sọ̀rọ̀, ńṣe ni wọ́n di ara wọn mú, tí omi ń bọ́ lójú wọn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì dé ẹnu wọn, ẹ̀yin ará, Yorùbá ni wọ́n sọ. Wọn kò wá ògbufọ̀.

Bí mo ti sọ èyí tán, ọ̀rọ̀ náà yí padà sí mi lára. Àjàyí wà ní ìgbèkùn àti àjò fún ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n, ó sì bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ tèmi, tí ogun kò kó, tí ẹnikẹ́ni kò dè lọ́wọ́, kò lè bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Ta ló fún un ní omi kànga náà mu?

Kì í ṣe Háúsá. Wọ́n gbà wá sílẹ̀ wọn, a ń ṣòwò, a ń jẹun, àwọn ọmọ wa sì ń jàǹfààní èdè wọn. Àjàyí náà kọ ìwé ní èdè Nupe àti Ìgbò, kò sì sọ tirẹ̀ nù. Èmi ni mo fún ọmọ mi mu. Láti ibi iṣẹ́ ni mo ti ń gbé Háúsá wọlé, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń bá a wí, Yorùbá sì di èdè tí èmi àti ìyá rẹ̀ fi ń sọ àṣírí tí a kò fẹ́ kí ó gbọ́. Àwọn tí wọ́n kó lọ sí Cuba àti Brazil nínú ẹ̀wọ̀n kò gbàgbé tán. Títí di òní wọ́n ń pe Ṣàngó àti Yemọja ní orúkọ wọn nínú orin níbẹ̀. Omi Gbẹrẹfu kò lè ṣe ohun tí àwa fúnra wa ń ṣe nínú ilé wa.

Nítorí náà ni mo ṣe ń rọ̀ yín pé kí ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀nà jìn, kí ó rántí Richard Lander. Lẹ́yìn tí ọ̀gá rẹ̀, Clapperton, kú ní Sókótó ní ọdún 1827, ó gba Zaria wa yìí kọjá títí dé Àgbádárìgì, láìsí mọ́tò, láìsí rélùwéè. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n fún un ní oògùn olóró mu láti dán an wò, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ọ̀nà tiwa rọrùn ju tirẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú omi mímu àti fìlà dání, ẹ wọ bàtà tí yanrìn kò ní bọ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ dúnàádúrà owó ọkọ̀ àti ti amọ̀nà kí ẹ tó gbéra, àlọ àti àbọ̀. Ẹ má gbà láti wọ ọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù ìléfòó, àgbà àti ọmọdé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ wọ inú òkun; ìgbì ibẹ̀ ń fa ènìyàn lọ. Kí ẹ tó kúrò, ẹ ra àgbọn lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa náà lè ṣe é papọ̀. N ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé tó ń bọ̀: kí ilé kọ̀ọ̀kan máa dá àjọ díẹ̀díẹ̀, kí a lè kó àwọn ọmọ wa, ti onígbàgbọ́ àti ti mùsùlùmí, lọ papọ̀ nígbà ìsinmi. Ẹ wá pẹ̀lú ìmọ̀ràn yín.

Ní ilé tèmi, a ti bẹ̀rẹ̀ ohun kan. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọmọ mi ń pe ìyá mi lórí fóònù, èmi kì í sì í dúró tì í. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín láti inú yàrá. Mo bi í ní ohun tí ìyá àgbà sọ. Ó ní, "Ó ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní ẹ̀wà ni mo jẹ. Ó ní ẹ̀wà Samaru kò lè dùn tó tòun."

Àjò kò dùn kí onílé má relé. Ó dìgbà o.

Èmi ni tiyín,
Akọ̀wé Rélùwéè