Omi tí ó Fara Pamọ́ sábẹ́ Kápẹ́ẹ̀tì Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ohun-ìní ni a máa ń bá ara wa sọ ní ojú ìwé yìí. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pẹ̀lú ti di ara ilé fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Òun ni ó ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé, òun náà ni ó ń gbé ìyá àgbà lọ sí ilé ìwòsàn. Nítorí náà, ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ nípa ewu kan tí àwọn onílé kì í kà sí, èyí nì ni omi tí ó jò wọ inú ọkọ̀, tí ó sì rin kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ rẹ̀ gbingbin.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọn a fi àkísà nu ojú kápẹ́ẹ̀tì náà, wọn a ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sí oòrùn fún ìwọ̀n wákàtí díẹ̀, wọn a sì fi ọwọ́ kàn án. Bí ó bá ti gbẹ lójú, wọn a ní ó ti tán. Ní ọjọ́ kẹta, inú ọkọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí aṣọ tí a ká pamọ́ láìgbẹ, wọn a sì ra lọ́fínńdà kọ́ sínú rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ìdí rẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kì í dá wà. Lábẹ́ rẹ̀ ni fóòmù tàbí òwú kíkì tí ó nípọn wà, èyí tí àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ tẹ́ síbẹ̀ kí ariwo àti ooru má ba à wọlé. Fóòmù yìí a máa mu omi bí kànrìnkàn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì náà ní rọ́bà, tí kì í jẹ́ kí omi ìsàlẹ̀ rí ọ̀nà gòkè. Bẹ́ẹ̀ ni òkè a gbẹ, tí ìsàlẹ̀ a sì kún fún omi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé.

Ibi mẹ́ta ni irú omi bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Èkíní, láàárín ọjọ́ 1 sí 2 ni ebu lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbẹ̀, irú èyí tí a ń rí lára búrẹ́dì tí ó ti pẹ́. Ẹni tí ó bá ní ikọ́ fée, tàbí ọmọdé tí àyà rẹ̀ kò le, a máa jìyà rẹ̀ nígbà tí a bá ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ mọ́ ọn. Èkejì, irin ilẹ̀ ọkọ̀ a máa dógùn-ún. Ẹ̀kẹta, wáyà púpọ̀ ni ó gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kọjá, nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn pàápàá, abẹ́ ìjókòó ni wọ́n gbé àpótí iná sí. Omi a máa jẹ bàbà wọn títí wọn yóò fi kọ iṣẹ́.

Kí a tó gbẹ ohunkóhun, kí a kọ́kọ́ wá orísun omi náà. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bí kápẹ́ẹ̀tì bá tutù nígbà tí òjò kò rọ̀, ẹ wo ẹ̀rọ amúlétutù. Ọ̀pá rọ́bà kékeré kan ni ó ń gbé omi rẹ̀ jáde sábẹ́ ọkọ̀. Bí ìdọ̀tí bá dí i, omi náà a darí sí ibi ẹsẹ̀ àwọn tí ó jókòó níwájú. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn òjò ni, ẹ wo ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, nítorí ewé a máa dí i, pàápàá bí ọkọ̀ bá ń sùn lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹ wo rọ́bà etí ilẹ̀kùn, àti ọ̀rá tí ó wà nínú ilẹ̀kùn, èyí tí wọ́n sábà máa ń fà ya nígbà tí wọ́n bá ń tún gíláàsì ṣe. Bí òrùlé ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tí ń ṣí, ó ní ihò omi tirẹ̀ ní igun rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi náà bá ń yọ̀ lọ́wọ́, tí ó sì ní òórùn dídùn, omi tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára ni. Májèlé ni, kí ọmọdé àti ajá má ṣe tọ́ ọ wò.

Nígbà tí a bá ti dí ibi tí ó ń jò, kí a wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí a tú orí bátìrì. Kí a kó tówẹ̀lì gbígbẹ lé kápẹ́ẹ̀tì, kí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ gírígírí, kí a fún un, kí a sì tún un tẹ́, títí kò fi ní mú omi mọ́. Ẹni tí ó bá rí ẹ̀rọ tí ń fa omi yá, yóò yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn èyí, kí mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ tú ìjókòó. Wáyà àpò afẹ́fẹ́ tí ń gba ènìyàn là nígbà ìjàǹbá wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ìjókòó, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ nígbà tí wáyà wọ̀nyí bá wà ní títú.

Kí a gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí a fi igi gbè é kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ó bá ṣe é yọ, kí a yọ ọ́ pátápátá, kí a sá a sórí okùn. Kí a gbé fáànù sí ẹnu ilẹ̀kùn. Oòrùn nìkan kò tó: bí a bá ti gbogbo fèrèsé, ooru a sọ omi di oruku, nígbà tí ilẹ̀ bá sì ṣú, oruku náà a tún padà di omi. Ọjọ́ 2 sí 5 ni èyí lè gbà; ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú oṣù keje tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ tutù, yóò sì yá nígbà ọyẹ́. Láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ ki ìwé ìròyìn gbígbẹ sí abẹ́ fóòmù ní alẹ́, kí ẹ gbé ohun wúwo lé e. Bí ìwé náà bá rọ̀ lówùúrọ̀, ẹ má ì tí ì dá kápẹ́ẹ̀tì padà.

Bí ó bá jẹ́ omi àgbàrá ni ó wọ inú ọkọ̀, irú èyí tí ó ya wọ ìlú Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ọ̀ràn náà yàtọ̀. Ìdọ̀tí ilé ìgbẹ́ àti ti gọ́tà ń bẹ nínú rẹ̀. Kí a da fóòmù náà nù, kí a sì ra òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ tí a ti lò rí, ẹ má ṣe wo ojú kápẹ́ẹ̀tì nìkan. Ẹ gbé etí rẹ̀ sókè, kí ẹ wá ẹrẹ̀ gbígbẹ. Ẹ wo ìdè ẹsẹ̀ ìjókòó bóyá ó ti dógùn-ún. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin, nítorí ibẹ̀ ni àmì omi ń pamọ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tà, ẹ sọ òtítọ́ fún ẹni tí ń rà, nítorí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò máa fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ náà sínú.