Ìkúnlẹ̀ Abiyamọ ní Lokogoma: Àdúrà Nìkan Kò Tó

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ti òṣèlú. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó wa àti àwọn ọmọ wa obìnrin ni.

Lásìkò òjò tó kọjá, obìnrin kan láàrin wa bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lóru. Orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ wú, ó ní òun kò ríran dáadáa. Àwọn ará ilé ní kí wọ́n dúró de ọkọ rẹ̀ tó lọ sí Lọ́kọ́ja. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn aládàáni kan, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ san owó sílẹ̀. Kí owó tó pé, giri ti mú un. Ọlọ́run yọ ìyá, ṣùgbọ́n ọmọ kò yè é.

Bí a bá yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, a ó rí i pé àṣẹ ọkọ, ọ̀nà àti owó ló dá obìnrin yìí dúró, kì í ṣe àìsí oògùn. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé bí 75,000 obìnrin ló kú nítorí oyún àti ìbímọ ní Nàìjíríà lọ́dún 2023. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé lọ. Bẹ́ẹ̀, láti 2002 ni ìwádìí lórí àwọn obìnrin tó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33 ti fi hàn pé abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ń dín ewu giri oyún kù ní ìlàjì. Ní 2023, ìwádìí tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀ tún fi hàn pé bí nọ́ọ̀sì bá fi rọ́bà tó ní àmì ìwọ̀n gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, tó sì tètè fún ìyá ní ìtọ́jú, ẹ̀jẹ̀ dídà tó le ń dín kù ní ìdá 60 nínú 100.

Dókítà wà ní Àbújá. National Hospital tí wọ́n ṣí ní 1999, nítorí àwọn obìnrin àti ọmọdé ni wọ́n ṣe kọ́ ọ níbẹ̀rẹ̀. Teaching Hospital sì wà ní Gwagwalada. Ṣùgbọ́n ta ni yóò la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Galadimawa kọjá, tàbí omi òjò tó gba ojú ọ̀nà, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà?

Òfin ìlera 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Mínísítà Ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, kéde pé iṣẹ́ abẹ ìbímọ yóò jẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn tálákà tó bá nílò rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìkéde orí rédíò kò gba káàdì fún ìyàwó ẹnikẹ́ni. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba ni pé kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn ilé ìwòsàn tó ń ṣe é mọ́ ẹnu ọ̀nà gbogbo ilé ìtọ́jú aboyún, kí wọ́n sì tètè san owó tí ilé ìwòsàn bá ná. Ẹni tí kò mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọn yóò fi dù ú.

Ìyókù dọwọ́ wa. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ fún ìyàwó yín láṣẹ kí ẹ tó rìnrìn-àjò. Kí aboyún gba káàdì ní kùtùkùtù, kí wọ́n máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá lọ. Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mọ awakọ̀ kan tí a lè jí lóru, àti ẹni méjì tí yóò fẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, a ó dá owó pàjáwìrì sílẹ̀. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

A ó máa gbóhùn ìyá, a ó máa gbóhùn ọmọ. Àṣẹ.