Ẹkún Ọmọ Tuntun àti Kọ̀ǹpútà Tó Ń Fetí Sí I

Ọmọ tí afẹ́fẹ́ kò tó nígbà ìbí kì í ké bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Orí ìmọ̀ yìí ni Charles Onu, ọmọ Nàìjíríà tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì McGill ní Kánádà, gbé iṣẹ́ Ubenwa kà. “Ẹkún ọmọ” ni ìtumọ̀ orúkọ náà lédè Ìgbò. Ẹkún tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Mẹ́síkò ni wọ́n fi kọ́ kọ̀ǹpútà, kí fóònù lè ta agbẹ̀bí lólobó níbi tí kò ti sí ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 2017, wọ́n kéde pé kọ̀ǹpútà náà dá nǹkan bí 85 mọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ẹkún ọmọ tó ní ìṣòro náà.

Àwọn kan ní ọ́síjìn àti agbẹ̀bí ló yẹ ká kọ́kọ́ náwó lé. Òótọ́ ni, fóònù kì í fún ọmọ lémìí. Ṣùgbọ́n kí ni ọ́síjìn fẹ́ ṣe fún ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò tètè mọ̀ pé ó nílò rẹ̀? Ọpọlọ ọmọ tuntun kì í dúró de dókítà. Ohun tó ń kọ mí lóminú gan-an ni àwọn ọmọ tí ẹ̀rọ náà kò dá mọ̀, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lè sọ fún ìyá wọn pé kò séwu. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn pé wọ́n ti gba ẹkún sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn Nàìjíríà, Bràsíì àti Kánádà láti fi yẹ ẹ̀rọ náà wò. Títí àyẹ̀wò yẹn yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀, etí agbẹ̀bí ni kó ṣáájú, kí fóònù máa tẹ̀ lé e.