Ewé tí wọ́n yà sára páàkì: Ṣé ó yẹ ká máa san owó lé e?

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo dúró nídìí tábìlì ìyá olóúnjẹ kan ní Ìkẹjà, èmi àti awakọ̀ kan la jọ ń retí ìrẹsì àti ẹ̀wà tá a fẹ́ gbé lọ. Nígbà tí ìyá náà dárúkọ iye tí oúnjẹ jẹ́, awakọ̀ yìí fárígá. Ó ní, "Ẹ̀yin màmá, oúnjẹ ni mo fẹ́ rà, èmi ò ní kẹ́ ẹ ta páàkì fún mi." Ìyá náà fa páàkì kan yọ, ó ní, "Ọmọ mi, wo ewé tí wọ́n yà sí i lára. Wọ́n ní èyí máa ń jẹrà ni. Iye tí wọ́n tà á fún mi ni mo fi lé e, mi ò jẹ èrè kọ́bọ̀ lórí ẹ̀." Awakọ̀ náà sanwó, ó gbé oúnjẹ rẹ̀, àmọ́ kó tó lọ, ó bi ìyá náà léèrè pé, "Ṣé ẹ ti rí i kó jẹrà rí ni?"

Ìyá ò rí èsì fọ̀. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kíkọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ òwò gan-an, mi ò rí èsì fún un. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè yìí ò kan olóúnjẹ nìkan. Ẹni tó ń ta ọṣẹ, ẹni tó ń ta aṣọ, ẹni tó ń ta ìpara àti ẹni tó ń ta gílóòbù iná, gbogbo wọn ló ti ń rí ọjà tí wọ́n kọ "eco-friendly" tàbí "biodegradable" sí lára, tí owó rẹ̀ sì ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun tó yẹ kí oníṣòwò kékeré bi ara rẹ̀ ni pé: kí ni mò ń san owó lé lórí gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti òfin, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Ọjọ́ 21, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024, ni Kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ àyíká nípìnlẹ̀ Èkó, Tòkunbọ̀ Wahab, kéde pé ìjọba ti fòfin de páàkì funfun tá a máa ń bu oúnjẹ sí, èyí tí wọ́n ń pè ní styrofoam. Nígbà tó di ọjọ́ 1, oṣù keje, ọdún 2025, òfin náà nasẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ife ike, síróò, ṣíbí àti fọ́ọ̀kì ike tá à ń lò lẹ́ẹ̀kan tá à ń jù nù, àti ọ̀rá tí kò nípọn tó 40 micron. Èmi ò bá ìjọba jà lórí èyí. Ẹni tí òjò ti lé kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí nítorí pé páàkì àti ọ̀rá dí gọ́tà mọ̀ pé ọjà olówó pọ́ọ́kú yẹn náà ní gbèsè tó ń jẹ sílẹ̀. Àmọ́ ohun tá ò gbọdọ̀ lò ni òfin sọ. Kò sọ pé dandan ni kéèyàn ra gbogbo ohun tí wọ́n bá ti ya ewé sí lára.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí ọ̀rọ̀ àwọn àkọlé yìí ṣe rí nìyẹn. Ike kan wà tí wọ́n ń fi àgbàdo tàbí ìrèké ṣe, PLA ni wọ́n ń pè é. Òótọ́ ni pé ó máa ń jẹrà, àmọ́ kò kàn lè jẹrà níbi tó bá ṣáà ti wù ú. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pàǹtírí di ajílẹ̀ ló ti máa ń jẹrà, níbi tí ooru ti máa ń tó ìwọ̀n 58 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìlànà tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Yúróòpù, EN 13432, sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹrà dé ìdá 90 nínú 100 láàárín oṣù mẹ́fà, níbi tó gbóná bẹ́ẹ̀. Gọ́tà wo ló gbóná tó yẹn ládùúgbò wa? Bí irú páàkì yìí bá balẹ̀ sínú kànáàlì, ó lè pẹ́ níbẹ̀ bíi ti ike yòókù.

Ọ̀rá mìíràn tún wà tí wọ́n po èròjà mọ́ kó lè tètè gbó nínú oòrùn. Wọ́n á kọ ọ́ sí i lára pé ó máa ń pòórá. Kò pòórá o, ńṣe ló fọ́ sí wẹ́wẹ́, tó wà nínú ilẹ̀ àti nínú omi. Ìdí nìyẹn tí àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù fi fòfin dè é nínú òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2019, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù keje ọdún 2021.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń fi àkọlé tan oníbàárà. Lọ́dún 2020, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù yẹ àádọ́jọ irú àwọn ìpolówó bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé ìdá 53 nínú 100 wọn ni kò ṣe kedere, tàbí tó ń ṣini lọ́nà, tàbí tí kò ní ẹ̀rí. Lọ́dún 2022, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ilé ìtajà ńlá méjì, Walmart àti Kohl's, gbà láti san owó ìtanràn, mílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là àti mílíọ̀nù méjì ààbọ̀, nígbà tí àjọ FTC fẹ̀sùn kàn wọ́n pé rayon ni àwọn aṣọ kan tí wọ́n ń polówó bí aṣọ ọparun tí kì í ba àyíká jẹ́. Bí àwọn òyìnbó tó ní yàrá àyẹ̀wò lóríṣiríṣi bá lè rí irú èyí láàárín ọjà wọn, kí ni kí ẹni tó ń ra páàkì ní Ìdúmọ̀tà ṣe?

Síbẹ̀, mi ò ní sọ pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹ wo gílóòbù LED. Wátì 9 nínú rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ tí gílóòbù àtijọ́ fi ń jẹ wátì 60. Ká ní iná náà ń tàn fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, kílówáàtì-wákàtí (kWh) 15.3 lẹ ti fi pa mọ́ lóṣù. Tá a bá fi N200 ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan, N3,060 nìyẹn lórí gílóòbù kan ṣoṣo. Irú ọjà yìí kò nílò ewé lára, bílì iná ló ń jẹ́rìí rẹ̀.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì aláṣọ tí àwọn ṣọ́ọ̀bù kan fi ń rọ́pò ọ̀rá. Àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ àyíká nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2011. Tá a bá fi ti gbígbóná ayé ṣe é, báàgì òwú gbọ́dọ̀ ròde nígbà 131 kó tó sàn ju ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lò lẹ́ẹ̀kan lọ, báàgì bébà sì gbọ́dọ̀ ròde nígbà mẹ́ta. Ìlò ló ń jẹ́ kí báàgì wúlò, kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sí i lára.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ni pé owó kékeré kọ́ ni. Ká ní olóúnjẹ kan ń ta ọgọ́rùn-ún páàkì lójúmọ́, tí páàkì eléwé fi N100 ju èyí tí kò ní àkọlé lọ, tí òfin sì gba méjèèjì. N10,000 ló ń lọ lójúmọ́, N260,000 láàárín ọjọ́ 26 tó fi ń ṣiṣẹ́ lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin ọdún 2024 là kalẹ̀ ni N70,000. Owó òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló ń bá ewé lọ yẹn, ó sì tún ṣẹ́kù.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò wa, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Kẹ́ ẹ tó fowó kún owó, ẹ bi ẹni tó ń tà á fún yín pé: kí ni wọ́n fi ṣe é? Ibo ló ti ń jẹrà, oṣù mélòó ló sì ń gbà? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, ìwé ẹ̀rí dà? Bí kò bá rí ìdáhùn kan ṣe, ẹ san owó páàkì fún un, ẹ má san owó ewé.

Ẹ ya owó páàkì sọ́tọ̀ kúrò lára owó oúnjẹ, kí oníbàárà tó bá gbé abọ́ tàbí kúlà tirẹ̀ wá má san án. Ẹ máa rí i pé abọ́ á pọ̀, owó tó ń jáde lọ́wọ́ yín á sì dín kù. Ẹ má sì fúnra yín kọ "eco-friendly" sára ọjà tẹ́ ò ní ẹ̀rí ẹ̀, torí òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ lòdì sí fífi irọ́ polówó ọjà.

Ẹ ò rí àwọn tó ń ta ìrẹsì ọ̀fadà inú ewé? Àwọn olówó ń san owó gidi lé e, kò sì sẹ́ni tó kọ ohunkóhun sára ewé náà.

Èmi ti ri páàkì ìyá olóúnjẹ yẹn mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé ilé wa, mo sì ri ewé mọ́ínmọ́ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ dán an wò pẹ̀lú èyí tẹ́ ẹ̀ ń lò. Tó bá di oṣù mẹ́ta, ẹ hú méjèèjì. Ìgbà yẹn lẹ máa lè dá irú awakọ̀ yẹn lóhùn láìwojú ẹnikẹ́ni.