Ìwọ Ń Jẹun Níta, Ta Ló Ń Bá Ìyàwó Rẹ Jẹun?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó ń pèsè fún gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tó bá tẹ̀lé wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí yóò ta àwa ọkùnrin lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn tí a kírun tán, àwa márùn-ún yà sí búkà alámàlà kan ní Ìbàdàn. Àmàlà gbóná, ewédú àti gbẹ̀gìrì pàdé nínú abọ́, ṣàkì, pọ́nmọ àti ẹran ewúrẹ́ jókòó lé e lórí. Bí a ṣe ń jẹ ni à ń rẹ́rìn-ín. Ni fóònù ọ̀kan nínú wa bá dún. Ìyàwó rẹ̀ ni. Gbogbo wa gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete: "Bàbá Mariam, ẹ ò fi owó ọbẹ̀ sílẹ̀ o, àwọn ọmọ sì máa tó dé láti ilé ìwé." Ọ̀rẹ́ wa ní: "Ẹ mu gààrí tó wà nílẹ̀ ná, mo ṣì wà níbi iṣẹ́." Ó pa fóònù, ó sì ní kí olóúnjẹ fi ẹran méjì kún tòun. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan nínú wa. Èmi náà dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló ń dùn mí títí di òní.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kó yé wa pé jíjẹun níta kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nínú Súrà An-Núr, ẹsẹ 61, Ọlọ́hun jẹ́ kó yé wa pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún wa bí a bá jẹun pa pọ̀ tàbí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, Ó sì dárúkọ ilé àwọn ìbátan àti ilé ọ̀rẹ́ mọ́ ibi tí a ti lè jẹun. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀sìn dẹ́rù bà wá pé ẹni tó bá wọ ilé oúnjẹ ti di aláṣejù. Ohun tí mo ń bá jà ni ìwà ọkùnrin tó sọ ìgbádùn di ti òun àti ọ̀rẹ́ nìkan, tó sì fi ìsúnra-ẹni-ná sílẹ̀ fún aya àti ọmọ.

Ẹ wo ohun tí Ànábì wa ṣe. Anas ọmọ Malik ló gba ọ̀rọ̀ náà wá, ó sì wà nínú ìwé Muslim. Ará Páṣíà kan jẹ́ aládùúgbò Ànábì, ó mọ ọbẹ̀ sè gan-an. Ó se oúnjẹ, ó wá pe Ànábì. Ànábì bi í bóyá ìpè náà kan Aisha, ìyàwó òun. Ọkùnrin náà ní rárá. Ànábì náà ní òun ò lọ nìyẹn. Ó padà wá pè é lẹ́ẹ̀kejì, ìbéèrè kan náà ni, ìdáhùn kan náà ni. Ìgbà kẹta ló tó gbà pé kí Aisha máa bọ̀. Ìgbà yẹn ni àwọn méjèèjì dìde, tí wọ́n jọ lọ sí ilé rẹ̀.

Ẹ̀mejì ni Ànábì kọ ọbẹ̀ aládùn nítorí ìyàwó rẹ̀! Àwa ńkọ́? A mọ súnnà irùngbọ̀n, a mọ ti ṣòkòtò tó kúrò nílẹ̀. Èwo nínú wa ló ti kọ àwo àmàlà kan rí nítorí ìyá àwọn ọmọ rẹ̀?

Mo mọ àwọn àwáwí wa. Èyí àkọ́kọ́ ni: "Ibi tí mo ti ń jẹun kò yẹ obìnrin ọmọlúàbí." Kí ló wá sọ ọ́ di ibi tó yẹ ọ́? Ànábì kọ̀ fún onígbàgbọ́ láti jókòó sídìí oúnjẹ tí wọ́n ti ń gbé ọtí kiri, àtọkùnrin àtobìnrin ni òfin yìí sì wà fún. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ ibi ọtí, ìwọ náà dìde. Bí ibẹ̀ bá mọ́, mú un dání.

Èkejì ni: "Owó kò sí." Owó tó ń jáde lápò rẹ lẹ́ẹ̀mẹrin lóṣù nítorí ọ̀rẹ́, ṣé kò lè jáde lẹ́ẹ̀kan nítorí ilé? Kò di dandan kó jẹ́ ilé oúnjẹ olówó ńlá. Ṣùyà tí a dì sínú bébà, tí gbogbo ilé jọ jẹ lálẹ́, ìgbafẹ́ ni.

Ẹ̀kẹta ni: "Oúnjẹ wà nílé, òun náà ló ń sè é." Ìdí gan-an nìyẹn! Ẹni tó ń dúró sídìí iná lójoojúmọ́, tó sì ń jẹun kẹ́yìn gbogbo ilé, ṣé kò yẹ kí ẹlòmíràn bu oúnjẹ fún un níjọ́ kan? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe da nǹkan méjì pọ̀. Ìgbafẹ́ jẹ́ ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n gbèsè ọrùn wa ni owó ọbẹ̀. Nígbà tí Hind fi ọkọ rẹ̀, Abu Sufyan, sùn pé ahun ni, Ànábì yọ̀ǹda fún un láti mú èyí tó tó òun àti ọmọ rẹ̀ nínú owó ọkọ náà, láìkọjá ààlà. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹni tó sì ń jẹ ẹran ní búkà, tó ń sọ pé òun wà níbi iṣẹ́, ti fi irọ́ kún gbèsè. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé.

Ẹ tún wo èrè tí à ń pàdánù. Ànábì sọ fún Sa'd ọmọ Abu Waqqas pé òkèlè tí ọkọ bá fi sí ẹnu ìyàwó rẹ̀ pàápàá ní láádá, bó bá wá ojú rere Ọlọ́hun. Ibi oúnjẹ tún jẹ́ ilé kéú fún àwọn ọmọ. Ibẹ̀ ni Ànábì ti kọ́ ọmọdékùnrin tó ń jẹ́ Umar ọmọ Abu Salama pé kó ṣe bísímílà, kó fi ọwọ́ ọ̀tún jẹun, kó sì jẹ èyí tó wà níwájú rẹ̀. Ọmọ tí kì í bá bàbá rẹ̀ jẹun, ọwọ́ ta ni yóò ti kọ́ ọ?

Ẹ̀yin ìyàwó, Súrà At-Tálák, ẹsẹ 7, sọ pé kí olówó náwó bí agbára rẹ̀ ṣe mọ, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gùn náà ná níwọ̀n tí Ọlọ́hun fún un. Ẹ má ṣe fi àwòrán oúnjẹ tí ẹ rí lórí fóònù wọn ọkọ yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe bu oúnjẹ tí ẹ ò lè jẹ tán nítorí fọ́tò, ẹ má sì jẹ́ kí ìrun lọ nítorí eré.

Lọ́sẹ̀ yìí, bí wọ́n bá pè ọ́ síbi oúnjẹ, bi ara rẹ léèrè pé kí ni wọ́n ń jẹ nílé. Bó bá jẹ́ gààrí ni wọ́n ń mu, padà sílé.

Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sínú oúnjẹ wa, kó sì jẹ́ kí ojú àwọn ará ilé wa tutù. Àmín.