Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Móníyà

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó wọ Ìbàdàn ní 1901, kì í ṣe Ọjà'ba, ọkàn ìlú àtijọ́, ló dúró sí. Ìhà Dùgbẹ̀ ló sọ ẹrù kalẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣòwò òyìnbó fi pa ìsọ̀ sí Gbági, nítòsí ibẹ̀. Kòkó ń bọ̀ láti oko, aṣọ àti iyọ̀ ń ti Èkó bọ̀. Báǹkì tẹ̀ lé wọn, títì náà tẹ̀ lé báǹkì. Báyìí ni òwò ṣe sún ọkàn ìlú kúrò níbi tí àwọn baba ńlá fi í sí. Cocoa House tí wọ́n fi owó kòkó kọ́, tí wọ́n ṣí ní 1965, ṣì ń wo Dùgbẹ̀ látòkè.

Láti 2021, Móníyà, ní Ìbàdàn kan náà, ni ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó ń já èrò sí. Bí òwò ṣe tẹ̀ lé ojú irin dé Dùgbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló lè tẹ̀ lé e dé Móníyà.

Bí òwò bá sì ń bọ̀, àwọn onílẹ̀ kì í dúró de ìjọba kí wọ́n tó ta ilẹ̀. Kí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tètè ya ojú títì, gọ́tà, ọjà àti gáréèjì sọ́tọ̀ níbẹ̀, kí ilé tó kún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, katakata ni yóò padà wá la ọ̀nà, orí ilé mẹ̀kúnnù ni yóò sì gbà kọjá.